Jẹ́ Kí Ẹ̀rọ Omi Gbígbóná Yẹn Máa Mí

Dapoya, Ouagadougou.
Ọjọ́ Ẹtì, lẹ́yìn ìrun Jímọ́ọ̀.

Àkànní ọkọ mi, Kàmọ́rù ọmọ mi,

Mo kí ọ, mo kí Asétà ìyàwó rẹ, mo sì kí àlejò tó wà nínú rẹ̀ tí ojú gbogbo wa ń retí. Ẹ kú ọyẹ́ o. Ti ọdún yìí kò mọ ọmọdé yàtọ̀ sí àgbà, ètè gbogbo wa ló ti là. Ara mi le, àfi orúnkún tó ń rán mi létí láràárọ̀ pé òun náà kì í ṣe ọmọdé mọ́. Ṣọ́ọ̀bù páìpù wa ń lọ déédéé, àlùhámúdùlílàhì.

Mo mọ̀ pé bí wọ́n bá gbé lẹ́tà yìí fún ọ, wàá rẹ́rìn-ín. Wàá ní, "Màmá yìí náà! Ṣé fóònù wọn ti kú ni?" Fóònù mi kò kú. Ìwọ ni èèyàn ò lè bá sọ̀rọ̀ lórí fóònù. Kí ọ̀rọ̀ tó dé ọ̀nà ọ̀fun mi ni wàá ti máa fi Faransé gbà fún mi: "D'accord, Màmá. D'accord, d'accord." Láti ìgbà tí o ti wọ iṣẹ́ bùró yẹn, d'accord tí o ti fún mi á kún àpò ìrẹsì. Lánàá tí o pè mí, tí mo ní kí o má tan ẹ̀rọ omi gbígbóná ilé yín títí wàá fi gbọ́ ọ̀rọ̀ lẹ́nu mi, o ní d'accord, o sì gbé fóònù kalẹ̀. O ò tilẹ̀ béèrè ìdí! Ìyẹn ni mo ṣe jókòó ti tábìlì yìí. Ka lẹ́tà náà tán, kí o sì sọ ọ́ fún Asétà ní èdè tó yé e, torí òun ló ń wẹ̀ níbẹ̀ jù.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ nìyí. Lánàá, mo wọ takisí wá sí ilé yín tuntun ní Ouaga 2000, mo gbé òrí, irú àti aṣọ ìpọnmọ wá fún ìyàwó rẹ. O ti lọ síbi iṣẹ́. Mo bá ìyá Asétà ní pálọ̀, òun àti ọmọ rẹ̀ ń jẹ ẹ̀pà. Obìnrin náà kí mi tayọ̀tayọ̀, barka lórí barka, ó fà mí lọ́wọ́ jókòó, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í yìn ọ́ ní èdè Mòsí.

Ó ní, "Ìyá Kàmọ́rù, ẹ bímọ! Ọmọ yín kì í fi nǹkan ṣòfò. Ẹ̀rọ omi gbígbóná tó ń kán sílẹ̀ nílé ìwẹ̀ láàárọ̀ lálẹ́, ó ti fọwọ́ ara rẹ̀ dí i. Kò kán mọ́ rárá. Ó ní bí ẹ ṣe kọ́ àwọn nílé nìyẹn."

Inú mi kọ́kọ́ dùn. Kí ni ìyá tún ń wá ju kí àna máa yin ọmọ rẹ̀ lójú rẹ̀? Mo ń rẹ́rìn-ín lọ ni, kí etí mi tó padà gbọ́ ọ̀rọ̀ náà: ó ti dí i. Mo ní mo fẹ́ ṣe àlùwàlá ìrun àsárì, mo sì dìde.

Àkànní, kí n tó ṣí ilẹ̀kùn ilé ìwẹ̀ yín ni mo ti ń gbọ́ ọ. Ẹ̀rọ náà ń kérora. Irin a máa dún díẹ̀ bó bá ń gbóná, mo mọ ìyẹn. Èyí kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ó ń kérora bí ẹni tí ẹrù wúwo wà lórí rẹ̀ tí kò rẹ́ni sọ̀ ọ́. Ìsàlẹ̀ rẹ̀ tó yẹ kó tẹ́ ti wú jáde, ìdí àwọn ìṣó ńlá tó gbé e mọ́ ògiri sì ti ń da erùpẹ̀ sílẹ̀ lórí táìsì. Mo bẹ̀rẹ̀, mo wo abẹ́ rẹ̀. Mo rí èdídí onídẹ kan níbẹ̀, tí wọ́n fi téèpù funfun yí lọ́rùn, tí wọ́n fún un pinpin. Mo mọ èdídí náà. Ṣọ́ọ̀bù mi ló ti jáde.

Ìgbà yẹn ni mo rántí. O yà sí mi lọ́jọ́sí lórí mótò, alùpùpù rẹ yẹn, o ò tilẹ̀ pa á, o dúró lẹ́nu ọ̀nà, o ní, "Màmá, ẹ fún mi ní búṣọ́ọ̀n kan, èyí tó tóbi díẹ̀." Gbogbo ẹni tó bá wá ra èdídí lọ́dọ̀ mi ni mo ń bi pé: ẹnu kí lo fẹ́ fi dí? Bí kò bá rí mi dá lóhùn, n kì í tà fún un, kó bínú títí. Bàbá rẹ, kí Ọlọ́run tẹ́ ẹ sáfẹ́fẹ́ rere, ló fi ìlànà yẹn lélẹ̀ láti ìgbà tí ṣọ́ọ̀bù wa ṣì wà ní Zangouettin. Oníbàárà ni mo ń bi o. Ọmọ tèmi, mi ò bi í. Mo fi aṣọ nu èdídí náà, mo gbé e fún ọ, mo tún ṣàdúrà lé e pé Ọlọ́run á dí ẹnu ọ̀tá rẹ. O ṣe àmín, o ta mótò nípàá, ó di bùró.

Mo yára pa iná ẹ̀rọ náà níbi ìpaná tó wà ní kọ̀rídọ̀. Mo padà wọlé, mo na apá, mo ṣí ẹnu omi gbígbóná díẹ̀díẹ̀. Háà! Èéfín ló kọ́kọ́ jáde pẹ̀lú ariwo, kí omi tó ń hó tó tẹ̀ lé e. Mo sá sẹ́yìn ilẹ̀kùn. Mo dúró síbẹ̀ títí ariwo fi rọlẹ̀, mo sì ń gbọ́ tí irin náà ń padà sí àyè rẹ̀, kọ̀n, kọ̀n, bí ẹni tó ń mí kanlẹ̀ lẹ́yìn ẹkún. Nígbà tí omi tútù dé, tí ọwọ́ lè bà á, mo fi sípánà tó wà lábẹ́ àwo ìfọwọ́ tú èdídí náà kúrò.

Mo ṣílẹ̀kùn. Asétà ló dúró sí kọ̀rídọ̀ yẹn, ó fi tówẹ́lì kọ́ èjìká, ó gbé ọwọ́ lé ikùn. Ó ní, "Màmá, ṣé ẹ ti ṣe tán? Mo fẹ́ fi omi gbígbóná sára, ẹ̀yìn ń dùn mí." Ṣé o gbọ́, Kàmọ́rù? Ó ń dúró kí n jáde ni. Ká ní mo jókòó jẹ ẹ̀pà díẹ̀ sí i, ká ní ìyá rẹ̀ ní oríyìn púpọ̀ sí i láti fún ọ, abẹ́ ẹ̀rọ yẹn ni ì bá wà.

Mo sọ fún un pé ẹ̀rọ náà fẹ́ sinmi, kó gbé omi ka orí gáàsì. Mi ò sọ nǹkan kan fún ìyá rẹ̀. A kì í tú ọmọ ẹni síhòòhò lójú àna, pàápàá àna tó ṣẹ̀ṣẹ̀ yìn ín tán. Mo kírun, mo jẹ ẹ̀pà tó kù, mo sì wọ takisí lọ sílé pẹ̀lú èdídí nínú báàgì mi.

Mi ò bínú sí ọ. Báwo ni mo ṣe fẹ́ bínú? Ta ló ń fa etí yín nígbà tí ẹ wà ní kékeré, bí ẹ bá fi omi ṣòfò? Èmi náà ni. Ìlú gbígbẹ la wà. A mọ bó ṣe máa ń rí bí omi bá lọ nígbà ooru, tí gbogbo àdúgbò á máa ti bídọ́ọ̀nù omi kiri. Nílé kéwú, wọ́n kọ́ wa pé bí èèyàn tilẹ̀ jókòó sétí odò, kó má fi omi àlùwàlá ṣòfò. Mo fi kọ́ yín, ó sì wọ̀ yín lára. Nígbà tí o rí omi tó ń kán, ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ ọ ló gbé ọ dìde. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ wá ń yé mi pé ẹ̀kọ́ tó dára náà ní ibi tó yẹ kó mọ. Àṣejù, baba àṣetẹ́.

Ó yá, gbọ́ mi. Mo fẹ́ sọ ohun tí mo mọ̀ nípa ẹ̀rọ yìí fún ọ, kó lè pẹ́ lọ́wọ́ yín, kó má sì pa yín lára. Kì í ṣe pé mo gbọ́n. Páìpù ni mo ń tà. Ṣùgbọ́n mo ti tà á pẹ́ débi pé ẹnu ń yà mí sí i dípò kó sú mi.

Èkíní, kíkán tó ń kán yẹn. Usẹ́nì, ọmọ Mòsí tó ń ṣiṣẹ́ páìpù, tó ti jẹ́ oníbàárà wa láti Zangouettin, ló là mí lóye nígbà kan tí mo ń ráhùn sí i pé ẹ̀rọ tiwa ń jò. Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Màmá, ẹ bu omi kún ìkòkò dé ẹnu pátápátá, kí ẹ gbé e kaná, kí ẹ jókòó tì í." Mo ṣe bẹ́ẹ̀. Omi náà kò tíì hó, kò tilẹ̀ tíì ronú àtihó, tí mo rí i tó gun etí ìkòkò tó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàn sílẹ̀. Ẹnikẹ́ni ò bu kún un! Omi kan náà ni, iná kàn sọ ọ́ di púpọ̀. Súbúhánàllàhì! Gbogbo ọjọ́ ayé mi ni mo fi ń gbé omi kaná, mi ò rí i rí, torí n kì í bù ú kún dé ẹnu. Mo jókòó ti ìkòkò yẹn bí ẹni tí wọ́n gbé ọmọ tuntun fún. Ọba tó dá omi, iṣẹ́ rẹ pọ̀.

Wò ó, ìkòkò tèmi lẹ́nu. Ẹ̀rọ tiyín, wọ́n ti jó gbogbo ara rẹ̀ pọ̀. Ibo ni èyí tó bá lé nínú omi náà fẹ́ gbà? Ibi kékeré abẹ́ rẹ̀ yẹn nìkan ni, ibi tó ní ọwọ́ pupa. Èmi a máa pè é ní imú rẹ̀, torí ibẹ̀ ló ti ń mí. Bó bá ń gbóná, á kán; bó bá gbóná tán, á dákẹ́. Ìwọ wá dí i nímú, o sì tún ń dáná sí i. Má ṣe bẹ́ẹ̀ mọ́ láyé. Gbé korobá sábẹ́ rẹ̀. Omi tó bá kán síbẹ̀ kò ṣòfò, ẹ fi ṣe àlùwàlá, kí ẹ sì fi èyí tó kù bomi rin efinrin tí mo gbìn fún yín. Lóṣooṣù, yí ọwọ́ pupa náà díẹ̀ kí omi tú jáde, kí o sì dá a padà, kí èérí má bàa lẹ̀ ẹ́ pa. Bó bá ń kán láìdákẹ́ nígbà tí iná kò sí lára rẹ̀, imú náà ló ti gbó. Wá sọ́dọ̀ mi, màá fún ọ ní tuntun. Lọ́tẹ̀ yìí, màá béèrè.

Èkejì jẹ́ ti inú rẹ̀. Nígbà tí mo ṣì ń ṣe ìyàwó ọ̀ṣìngín, bàbá rẹ ra ẹ̀rọ kan lọ́wọ́ òyìnbó kan tó ń kó ẹrù padà sílé. Àwa la kọ́kọ́ ní in lágboolé wa, mo sì fi ṣe fáàrí, àfi bí ẹni pé èmi ni mo bí i! Bí àlejò bá dé, mo máa ní kí wọ́n lọ fọwọ́, kí wọ́n lè wá bi mí bí omi ṣe ń gbóná láìsí igi. Mi ò pa á lọ́yẹ́, mi ò pa á lóoru. Nínú ooru tó ń yan ẹran lórí òrùlé, tí omi ẹ̀rọ fúnra rẹ̀ ń jó ọwọ́, èmi ṣì tan iná sí i. Tú u wò? Rárá o. Mo ní ṣebí omi mímọ́ ló ń wọnú rẹ̀, kí ni mo fẹ́ fọ̀ níbẹ̀? Ìdí rẹ̀ là lọ́jọ́ kan, omi gba gbogbo yàrá, bùrẹ́dì àti ìwé ilé kéwú ń léfòó. Bàbá rẹ gbé e fún alágbẹ̀dẹ pé kó là á, bóyá irin rẹ̀ á wúlò.

A dúró tì í nígbà tó là á. Àkànní, gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ ló kún inú rẹ̀ dé ìdajì! Ẹrẹ̀ pupa ìlú yìí àti òkúta funfun, tí wọ́n di pọ̀ le kankan. A fi ọwọ́ bù ú kún abọ́ ńlá. Omi tí mò ń bù mu láràárọ̀ ni o, tí mo ń gbé sókè sí oòrùn tí mo sì ń rí ọwọ́ ara mi láàárín rẹ̀. Ó ń gbé ilẹ̀ wá sílé wa díẹ̀díẹ̀, kò sì sẹ́ni tó rí i. Bàbá rẹ ń mi orí. Ó ní, "Òjò rọ̀ sórí òkè kan níbì kan, òkè náà ló wà nínú abọ́ wa yìí." Ọ̀rọ̀ yẹn kò kúrò lọ́kàn mi di òní.

Nítorí náà, bí ọyẹ́ bá ti ń kásẹ̀ nílẹ̀ lọ́dọọdún, ẹ pa iná rẹ̀, ẹ jẹ́ kó tutù dáadáa, ẹ ti omi tó ń wọlé, kí Usẹ́nì wá tú u, kí ó fọ ìdí rẹ̀. Kékeré la ti ń pẹ̀ka ìrókò. Ẹrẹ̀ tó bá pẹ́ nísàlẹ̀ á bo irin tó ń gbóná mọ́lẹ̀, iná á máa yan ẹrẹ̀ dípò kó mú omi gbóná, owó iná á lọ sókè, irin á sì jó. Nígbà ooru, ẹ má tan án rárá. Oòrùn ń bá yín ṣe é lọ́fẹ̀ẹ́ nínú páìpù.

Ẹ̀kẹta ni èyí tí n kì í gbàgbé. O mọ ẹ̀rọ tó wà nílé wa níhìn-ín ní Dapoya, èyí tí bàbá rẹ rà lẹ́yìn tí àkọ́kọ́ bàjẹ́. Ó dàgbà ju àbúrò rẹ lọ, ó sì ń ṣiṣẹ́. Ọdún tí bàbá rẹ kú ni Usẹ́nì wá tú u fọ̀. Ó fa ọ̀pá kan jáde láti inú rẹ̀, ó tín-ín-rín, ó ti rún, ó rí bí orín tí wọ́n ti jẹ tán. Mo rò pé nǹkan ti ṣẹ́ ni. Ó mú tuntun jáde nínú àpò, ó nípọn ju àtàǹpàkò mi lọ. Ó ní bí èyí tó ti rún náà ṣe rí nìyẹn nígbà tó wọlé.

Mo ní, "Kí ló wá jẹ ẹ́?"

Ó ní, "Omi ni, Màmá. Omi gbígbóná gbọ́dọ̀ rí irin jẹ, kò sẹ́ni tó lè gbà á lẹ́nu rẹ̀. Àwọn tó ṣe ẹ̀rọ yìí mọ̀ bẹ́ẹ̀, ni wọ́n ṣe fi ọ̀pá tó dùn lẹ́nu omi ju ara ẹ̀rọ lọ sínú rẹ̀. Tí omi bá ṣì ń rí ọ̀pá jẹ, kò ní fọwọ́ kan ara ẹ̀rọ. Ọjọ́ tí ọ̀pá bá tán ló máa kọjú sí i."

Mo gba ọ̀pá náà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó fúyẹ́ bí ewé gbígbẹ. Gbogbo ọdún tí à ń wẹ̀, tí à ń rẹ́rìn-ín, tí ẹ̀ ń kígbe mọ́ra yín nílé ìwẹ̀ pé ta ló lo omi gbígbóná tán, ó wà nínú òkùnkùn níbẹ̀, wọ́n ń jẹ ẹ́ kí ilé má bàa jò. A ò tilẹ̀ mọ̀ pé ó wà. Bàbá rẹ ni mo rántí. Mo sunkún, Usẹ́nì sì ṣe bí ẹni tí kò rí mi, ó ń wá sípánà tó wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ọ̀pá yẹn ṣì wà lórí pẹpẹ ní ṣọ́ọ̀bù, àwọn oníbàárà sì ń bi mí pé eélòó ni. Kì í ṣe títà. Ìwọ náà, máa jẹ́ kí wọ́n wo ọ̀pá tiyín nígbàkígbà tí wọ́n bá tú u, kí ẹ pààrọ̀ rẹ̀ kí omi tó jẹ ẹ́ tán. Ohun tó ń pa ẹ̀rọ yìí kì í ṣe ọjọ́ orí, àìwo inú rẹ̀ ni.

Mo ní ẹ̀kẹrin lọ́kàn, ó ti bọ́. Ẹ jẹ́ kí n kàn máa sọ ọ́ bó ṣe ń wá. Ẹ má yí ìgbóná rẹ̀ dé òpin. Ẹni tó bá yí i dé òpin á tún wá omi tútù là á, kí wá ni èrè rẹ̀? Bí omi bá lọ ládùúgbò, ẹ pa iná rẹ̀, ẹ má sì tan án padà àfi bí ẹ bá ṣí ẹnu rẹ̀ tí omi ń dà láìfọ́n afẹ́fẹ́. Bí o bá rí ibi tí omi ti ń sun lára rẹ̀ tí kò yẹ kó sun, tàbí tí wáyà rẹ̀ ń rùn, má fọwọ́ kàn án, má sì ní kí n wá wò ó lórí fọ́tò. Pe oníṣẹ́. O kàwé, mo sì ń fi ọ́ yangàn kárí Dapoya, ṣùgbọ́n iná àti omi ò ka ìwé ẹ̀rí ẹnikẹ́ni. Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́.

Mo rántí rẹ̀! Ẹ̀kẹrin jẹ́ ti ọmọ. Omi ìwẹ̀ ọmọ, ẹ má bù ú tààrà láti inú ẹ̀rọ láé. Omi tútù ni kó kọ́kọ́ wọnú bàsíà, kí gbígbóná tó tẹ̀ lé e. Ìgúnpá ni kí ẹ fi tọ́ ọ wò, torí àtẹ́lẹwọ́ àgbàlagbà ti yigbì, ó máa purọ́ fún yín.

Inú irú ọyẹ́ yìí ni mo bí ọ, ní Zangouettin, kí wọ́n tó wó àgbègbè ibẹ̀. Ìyá bàbá rẹ wọ mọ́tò láti Ògbómọ̀ṣọ́ wá wẹ̀ wá, ó gùn ún títí ẹsẹ̀ rẹ̀ fi wú. Ó kọ omi ẹ̀rọ, ó ń dáná igi lágbàlá kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa. Á fi aṣọ bọ inú omi tó ń hó, á fún un, á tẹ̀ ẹ́ mọ́ mi níkùn. Mo pariwo! Mo ní ó fẹ́ pa mí. Obìnrin yẹn ní, "Máa pariwo lọ, ọmọ mi. Ariwo kì í pa abiyamọ, ẹ̀jẹ̀ tó bá dì síkùn ni." Nígbà tó bá ti ṣe tèmi tán, á tẹ́ ẹsẹ̀ méjèèjì, á gbé ọ lé e. Ìwọ náà á ké títí ojú rẹ á fi pọ́n. Ṣùgbọ́n bí omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ bá ti kan àtàrí rẹ, o máa dákẹ́ wẹ́lo. Wàá la ojú kékeré yẹn, wàá máa wo èéfín tó ń gòkè nínú òtútù. Mi ò mọ ohun tí ò ń rí níbẹ̀. Gbogbo wa a dákẹ́ pẹ̀lú rẹ, títí kan ìyá bàbá rẹ tí kì í dákẹ́.

Ìdí tí mo ṣe ń da ara mi láàmú lórí ẹ̀rọ kan nìyẹn. Omi yẹn ló kàn. Èmi àti ìyá Asétà ti pín iṣẹ́: òun á wẹ ọmọ bí àwọn Mòsí ṣe ń wẹ̀ ẹ́, èmi á fi omi gbígbóná tẹ ìyá ọmọ bí wọ́n ṣe tẹ̀ mí; bó bá di ọ̀sẹ̀ kejì, a ó pààrọ̀. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Orúnkún mi kò lè dáná igi mọ́, Ouaga 2000 yín ò sì ní agbàlá tí wọ́n á ti jẹ́ kí n dá a.

Mo ti bá Usẹ́nì sọ̀rọ̀. Lọ́jọ́ Àìkú ni yóò wá, kí o wà nílé. Á yẹ gbogbo ara ẹ̀rọ náà wò, pàápàá ìsàlẹ̀ rẹ̀ tó wú. Bó bá ní ó ṣì lè ṣiṣẹ́, ẹ tàn án níṣojú rẹ̀. Bó bá ní ara rẹ̀ ti fà jù, ẹ jẹ́ kó lọ, ẹ má ṣàánú rẹ̀. Ẹ̀rọ la fẹ́ kó pẹ́, ṣùgbọ́n ẹ̀yin la fẹ́ kó pẹ́ jù. Títí dìgbà náà, orí gáàsì.

Èdídí yẹn ló wúwo nínú àpòòwé yìí. Mo dá a padà fún ọ nítorí ìbéèrè kan ṣoṣo tí mo jẹ ọ́, tí mo sì ń bi ọ́ báyìí: ẹnu kí lo fẹ́ fi dí? Fi sínú dúrọ́ọ̀ rẹ ní bùró. Lọ́jọ́ tí ọmọ rẹ bá dàgbà tó sì ní kí o fún òun ní nǹkan, wo èdídí yìí kí o tó fún un.

Bí ọmọ bá dé, tí mo sì gbé báàgì mi dé ẹnu ọ̀nà yín, kí ẹnikẹ́ni má bínú pé mi ò kọ́kọ́ yà sí yàrá. Ilé ìwẹ̀ ni màá kọ́kọ́ lọ. Màá dúró lẹ́yìn ilẹ̀kùn, màá tẹ́tí. Bí mo bá ti gbọ́ ọ tó ń kán sínú korobá, tó, tó, tó, ìgbà yẹn ni màá tó ká apá aṣọ mi sókè, tí màá ní kí wọ́n gbé ọmọ mi wá.

Èmi ni,
ìyá rẹ tó fún ọ láìbéèrè.